Àkànmú Ṣàn-án-wò àti Ẹnu Ìyàwó Rẹ̀

Ibi tí òkìkí Àkànmú Ògúntúndé ti bẹ̀rẹ̀ ni Bódìjà Tuntun, lọ́dún 1994, lọ́jọ́ tí Olóyè Gbádérọ̀ ń ṣí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀. Wọ́n ti gbàdúrà tán, ìrẹsì àti adìẹ ti dé orí tábìlì, kálukú ti dojú kọ àwo tirẹ̀, ni Àkànmú bá nawọ́ sókè, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bá òun bu omi wá. Wọ́n rò pé ó fẹ́ ṣan ọwọ́ ni. Omi dé. Àkànmú mú itan adìẹ inú àwo rẹ̀, tí ata àti òróró ń kán tótó lára rẹ̀, ó rì í bọ inú omi, ó fi àtàǹpàkò ha ata náà kúrò fínnífínní bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun, ó gbọn omi rẹ̀ dànù, ó sì gé e jẹ.

Gbogbo tábìlì ń wò ó. Lateefat ìyàwó rẹ̀, tó jókòó láàrin àwọn obìnrin lódìkejì, sọ ojú rẹ̀ sílẹ̀, nítorí ó mọ ohun tó ń bọ̀. Àkànmú di ojú, ó ń jẹ ẹran náà díẹ̀díẹ̀, ó ń mi orí. Nígbà tó gbé e mì tán, ó ní, "Olóyè, ta ló ta adìẹ yìí fún yín?"

"Kí ló dé? Ṣé ó bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́. Ẹja lílọ̀ ni wọ́n fi bọ́ ọ títí di àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n pa á. Ẹja ọ̀hún gan-an sì ti ń rùn kí wọ́n tó lọ̀ ọ́."

Obìnrin tó se oúnjẹ sáré jáde láti ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú ìpọnbẹ̀ lọ́wọ́, ó ní irọ́ ni, adìẹ gidi ni òun rà. Àkànmú kò bá a jà. Ó kàn na itan náà sí i ni. Obìnrin náà gé e jẹ, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ní ká má purọ́, ẹni tó ta adìẹ náà fún òun lọ́nà Apẹ̀tẹ̀ fi ẹja yangàn fún òun, àti pé nígbà tí òun ń bọ ẹran náà, òun gbọ́ òórùn kan, ìdí nìyẹn tí òun fi sọ ata di ìlọ́po méjì.

"Ẹ ò rí i?" ni Àkànmú wí, ó kọjú sí gbogbo èrò. "Ẹran kì í purọ́. Ata ló máa ń bá a purọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí ká Gbádérọ̀ lára. Ta ni yóò ṣí ilé tuntun kí àlejò wá máa fọ adìẹ rẹ̀ lójú gbogbo ayé? Ó fa ara tì sẹ́yìn lórí àga, ó ní, "Àkànmú, ó dáa bẹ́ẹ̀. Tìrẹ ńkọ́? Mo gbọ́ pé ìdin lo fi ń bọ́ adìẹ tìrẹ. Ṣé ìyàwó rẹ ń jẹ ẹ́?"

Gbogbo ojú bá yí sí Lateefat. Ohun méjì ni gbogbo Agbowó mọ̀ nípa obìnrin yìí: àkọ́kọ́, òun ló ni ẹ̀rọ ata tó ń lọ ata kúnná jù lọ láti ẹnu géètì Yunifásítì títí dé Òjóò, èkejì, kì í purọ́, kódà nígbà tí irọ́ kékeré bá máa gba gbogbo ayé là. Ó mú omi díẹ̀, ó ní, "Rárá o. N kì í jẹ ẹ́."

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Àkànmú pàápàá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Lateefat ti bá a gbé fún ọdún mọ́kànlélógún, ó mọ ẹ̀rín rẹ̀ tí kò dé inú. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe ọkùnrin náà ní Ṣàn-án-wò. Láti ọjọ́ náà sì ni kò ti rí ẹni ra adìẹ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, nítorí ẹnikẹ́ni tó bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ìbéèrè kan náà nípa Lateefat ló ń gbé wá: "Ìyá Islamiyat ti ń jẹ ẹ́?"

Àkànmú kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi bọ́ adìẹ ní oko ńlá kan tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń ṣe ìwádìí. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń kọ ìwé, òun ń gbé garawa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé garawa ló ń rí ojú adìẹ. Nígbà tó fẹ̀yìn tì lọ́dún 1991, ó fi gbogbo ohun tí wọ́n fún un kọ́ ilé adìẹ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Agbowó, ó kó igba òròmọdìẹ sí i, ó sì sọ fún Lateefat pé kí ó fọkàn balẹ̀, wàhálà ti tán. Wàhálà gbọ́, ó sì wá wo ẹni tó ń dárúkọ òun.

Òkè òkun ni wọ́n ti ń kó ẹja lílọ̀ wá nígbà náà, ẹja yìí ló sì máa ń mú ara adìẹ dàgbà. Bí náírà ṣe ń wálẹ̀ ni ẹja ń gòkè. Kò pẹ́ tí àpò ẹja kan fi wọ́n ju ohun tí onífẹ̀yìntì lè fojú wò lọ. Àwọn adìẹ Àkànmú bẹ̀rẹ̀ sí í ru, ìyẹ́ nìkan ló kù tí wọ́n fi ń ṣe fáàrí. Àkànmú jókòó tì wọ́n fún ọjọ́ méjì gbáko. Lọ́jọ́ kẹta ó dìde, ó ní, "Ṣé ẹja nìkan ni Ọlọ́run dá ni?"

Ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ kàn. Níbi tí wọ́n ti ń pa màálù ní Bódìjà, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọ gọ́tà lọ́fẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́. Àkànmú gbé kẹ́ẹ̀gì méjì lọ, ó bu ẹ̀jẹ̀ kún wọn, ó wọ takisí padà. Ẹni tó jókòó tì í ni ìyá ìjọ Aládùúrà kan tó ń ti ìsìn bọ̀, ó wọ sùtánà funfun báláú. Takisí já sí kòtò kan, ìdérí kẹ́ẹ̀gì fò, ẹ̀jẹ̀ sì tú sí ìyá náà lára láti àyà dé ẹsẹ̀. Ìyá náà wo ara rẹ̀, ó figbe ta: "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Àkànmú tó ń wá aṣọ ìnura kiri dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Rárá, Mọ́mì, ti màálù ni."

Ó fọ sùtánà náà fúnra rẹ̀, ó lọ̀ ọ́, ó sì gbé e lọ sílé fún ìyá náà. Irú ènìyàn tó jẹ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló se ẹ̀jẹ̀ tó kù, ó sá a gbẹ, ó lọ̀ ọ́ lódó, ó pò ó mọ́ àgbàdo. Adìẹ jẹ ẹ́, wọ́n sì tóbi lóòótọ́. Ó pa ọ̀kan, ó fi omi àti iyọ̀ nìkan bọ̀ ọ́, nítorí kì í gbà kí ata dé ibi ìdánwò rẹ̀ rárá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì tó háyà yàrá ládùúgbò ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Jésùlọlá jẹ egungun mọ́ ẹran.

"Kí ni ẹnu rẹ wí?" Àkànmú bi í. Bó ṣe máa ń bi gbogbo ènìyàn nìyẹn.

"Baba, e sweet die!"

"Ó dùn báwo? Ó le ni àbí ó rọ̀? Adùn rẹ̀ wà níwájú ahọ́n ni àbí lẹ́yìn?"

"Baba, e just sweet. E remain?"

Àkànmú gba àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ẹni tí ebi ń pa kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Ó gé e jẹ fúnra rẹ̀, ó rí i pé ẹran náà dúdú, ó sì le. Ó gbé ìyókù fún ajá ìta. Ajá náà gbé e lọ, nígbà tó yá, ó gbé e padà wá.

Lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yìí náà ni Àfáà Kabir, ìmáàmù mọ́sáláásí wọn, fi ránṣẹ́ pè é. Ó ní ẹ̀gbin ni ẹ̀jẹ̀ tó bá ti ṣàn jáde lára ẹran. "Ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀," ni Àfáà wí. "Adìẹ tó bá sì ti jẹ ohun tí kò mọ́, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ máa fún un ní oúnjẹ tó mọ́, kí ẹ tó pa á. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí a ṣe ń ṣe é nílé nìyẹn."

Ẹlòmíràn ì bá kùn, pé bí èèyàn ṣe ń so adìẹ kan mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì kọ́ ni ó ṣe máa so igba. Àkànmú kò kùn. Ó kan àgò mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà tẹ́lẹ̀, ó ń kó adìẹ tó bá fẹ́ pa síbẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta, àgbàdo mímọ́ àti omi àmù ló sì ń fún wọn. Bí ọmọdé bá ń pariwo níbẹ̀, á lé wọn. Ó ní àwọn adìẹ òun wà nínú ìtikáfù, bí ẹni tó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìjọsìn ní mọ́sáláásí.

Ìgbà tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ló kan ìdin. Àwọn ará àdúgbò di imú, ṣùgbọ́n Àkànmú ní kí wọ́n dá òun lóhùn ìbéèrè kan ṣoṣo: adìẹ ìlú tó ń fi ẹsẹ̀ tú ilẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí ló ń wá? Ó kó èèpo ẹ̀gẹ́ àti èso tó ti rà láti ọjà Bódìjà sínú àgbá, eṣinṣin sì ṣe ìyókù. Bí ìdin bá ti sanra, á ṣà wọ́n, á fọ̀ wọ́n, á da omi gbígbóná lé wọn, á sá wọn sórí páànù títí wọn ó fi gbẹ táútáú. Ohun kan ṣoṣo ló kù díẹ̀ káàtó: odó kò lè lọ̀ wọ́n kúnná.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan lọ́dún 1993 ni Lateefat ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ kírun ní mọ́sáláásí ńlá. Kó tó dé, Àkànmú ti ṣílẹ̀kùn, ó ti tan ẹ̀rọ ata, ó ti lọ ààbọ̀ àpò ìdin. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi kẹ́tùlù da omi sí ẹ̀rọ náà láti fọ̀ ọ́ ni Ìyá Olúkẹ́mi, aládùúgbò wọn, dé pẹ̀lú tòmátò àti ata nínú bàsíà. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ̀ ọ́ kíá, àlejò wà nílé." Ọmọlúàbí ni Àkànmú. Ó bá a lọ̀ ọ́.

Ká ní ó dákẹ́ ni, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ títí ayé. Àmọ́ ó ti rí ìdánwò tí òun kò wá, kò sì lè gbàgbé rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kan ilẹ̀kùn Ìyá Olúkẹ́mi.

"Ẹ kú àlejò àná o. Ọbẹ̀ tí ẹ sè yẹn, kí ni ẹnu yín wí?"

"Háà, ó dùn o, Bàbá! Bàbá Olúkẹ́mi tún bù ú lẹ́ẹ̀kejì."

"Alihamudulilahi," ni Àkànmú wí tayọ̀tayọ̀. "Ẹ ò wá gbọ́ òórùn ìdin rárá?"

Igbe tí Ìyá Olúkẹ́mi ké lọ́jọ́ náà, wọ́n ní àwọn ọlọ́jà Bódìjà gbọ́ ọ. Kó tó di ọ̀sán, kò sí ata kankan níwájú ẹ̀rọ Lateefat mọ́. Gbogbo oníbàárà ti gba ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ kejì lọ, èyí tí ata rẹ̀ máa ń há sí eyín. Lateefat tú ẹ̀rọ náà palẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ra ojú ẹ̀rọ tuntun, ó sì ń fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ gbogbo rẹ̀ lójú ayé. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi fọ̀ ọ́, nítorí Àfáà ló bi, Àfáà sì sọ pé ọjọ́ mẹ́ta tó. Lọ́jọ́ kẹta, pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́ àti omijé lójú, ó sọ ọ́ kí gbogbo ẹni tó ń kọjá lè gbọ́: "Mo fi Ọlọ́run búra, adìẹ Bàbá Islamiyat kò ní kan ẹnu mi!"

Àkànmú dúró ní ẹnu ọ̀nà, kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ sí. "Má búra, Lateefat," ó ní. "Àṣìṣe tèmi ni. Kì í ṣe ti adìẹ."

Ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn oníbàárà ata padà díẹ̀díẹ̀, nítorí kò sí ẹ̀rọ tó mọ́ tó ti Lateefat mọ́ ní gbogbo Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ìbúra dúró síbẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ ni ti Gbádérọ̀ ṣẹlẹ̀, tí ìbúra inú ilé sì wá di ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú.

Ohun tó ń dun Lateefat ni pé adìẹ ọ̀hún ń dára sí i. Ó fojú ara rẹ̀ rí i. Àkànmú ti ń yan sóyà mọ́ ìdin báyìí, nítorí ó ti kọ́ ọ pé sóyà tútù máa ń dí adìẹ lọ́wọ́ dídàgbà. Tó bá pọ sóyà jù, á ní ẹran rẹ̀ kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Tó bá pọ ìdin jù, á ní ọ̀rá rẹ̀ pọ̀. Á tún un pò, á tún un pa, á tún un gbé àwo káàkiri. Àwọn aládùúgbò á jẹ, wọ́n á lá ìka, wọ́n á ní, "Bàbá, ó dùn," wọ́n á wá fi ìbéèrè nípa Ìyá Islamiyat kún un, wọ́n á sì lọ ra adìẹ níbòmíràn.

Lọ́jọ́ kan ó ní kí Lateefat jẹ́ kí àwọn lọ bá Àfáà. "Àfáà, tó bá fi ahọ́n kàn án lásán, tí kò gbé e mì, ṣé ìbúra yẹ̀?"

Àfáà Kabir fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Kí ló sọ gan-an?"

"Ó ní kò ní kan ẹnu òun."

"Níbo ni ahọ́n ń gbé?"

Wọ́n padà sílé. Àkànmú kò tún dárúkọ rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí yóò fi di àárín ọdún 1995, àgbàdo ti ń tán, àwọn adìẹ ti dàgbà kọjá ìgbà tó yẹ kí ó tà wọ́n. Àkànmú bá alájàpá kan ní Ìwó Road sọ ọ́ pé kó wá kó gbogbo wọn lọ́jọ́ Sátidé, ní iye tó bá wù ú. Ó ní òun á tú ilé adìẹ náà, òun á jókòó bí àgbàlagbà. Lateefat gbọ́. Ó mọ̀ pé tí ọkọ òun bá jókòó bí àgbàlagbà fún oṣù mẹ́ta, sísin ló kù.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Sátidé náà, ọkọ̀ Pijó kan dúró síwájú ilé wọn. Ọkùnrin kan tó ń ra ẹran fún òtẹ́ẹ̀lì ní Ring Road sọ̀ kalẹ̀. Lateefat wà nídìí ẹ̀rọ, kò tíì tan án, ó ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn láti ẹ̀yìn pákó. Ọkùnrin náà ti jẹ ẹran náà níbì kan, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó fẹ́ kó gbogbo wọn, kó sì máa padà wá lóṣooṣù.

"Ohun kan péré ni, Bàbá. Bí ọ̀gá mi bá wá béèrè, ẹ sọ fún un pé ẹja ni wọ́n ń jẹ."

"Ìdin àti sóyà ni wọ́n ń jẹ," ni Àkànmú wí.

"Mo mọ̀, sà. Èmi àti ẹ̀yin la mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn sọ pé ẹja ni."

"Ọmọ mi, bí ọ̀gá rẹ bá fẹ́ ẹja, kó lọ ra ẹja. Adìẹ wọ̀nyí kò ṣẹ̀ mí, n kò ní í parọ́ mọ́ wọn."

Pijó náà lọ. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Lateefat kọ́kọ́ bínú dé góńgó. Ọkùnrin wo ló ń lé oúnjẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ báyìí? Ṣùgbọ́n bí ìbínú náà ti ń rọlẹ̀, ohun mìíràn dìde lábẹ́ rẹ̀. Ó rántí pé òun náà kì í purọ́. Ó rántí pé nítorí ìyẹn gan-an ló ṣe gbà láti fẹ́ ẹ, nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn ń sọ pé kí ló rí lára agbégarawa. Ìtìjú sì mú un.

Àkànmú ti lọ sí Dùgbẹ̀ láti wá ẹni tó máa ra pákó ilé adìẹ náà. Láti ibẹ̀ ó máa kọjá sọ́dọ̀ Islamiyat ọmọ wọn tó wà nílé ọkọ ní Challenge, kò sì ní padà títí di Sátidé, nítorí ojú rẹ̀ kò gbà á láti máa wo àwọn adìẹ náà. Ìkòkò ìdánwò tó gbẹ̀yìn ṣì wà lórí sítóòfù, lómi lóníyọ̀. Lateefat ṣí i. Ó mú itan kan, ó wò ó títí, ó sì gé e jẹ.

Kò sí ata tó máa gbè é lẹ́yìn. Kò sí òórùn ẹja, kò le, kò sì rọ̀ pọ̀jù. Ó dùn bí adìẹ tí ìyá rẹ̀ máa ń pa fún wọn ní Ìsẹ́yìn nígbà tó wà lọ́mọdé. Nígbà tí yóò fi mọ̀, ó ti ń fọ́ egungun.

Kò jókòó. Ó gbọ̀nà ilé Àfáà lọ tààrà. "Àfáà, mo ti yẹ ìbúra mi."

"Inaalilahi. Kí lo jẹ?"

"Adìẹ Bàbá Islamiyat. Itan kan."

"Itan kan péré?"

Lateefat wolẹ̀. Kì í purọ́. "Àti apá kan," ó ní. "Àti ọrùn."

Àfáà Kabir fi etí aṣọ bo ẹnu, ó dà bí ẹni pé ó ń wúkọ́. Ó ní ìtánràn rẹ̀ kò le: kó bọ́ tálákà mẹ́wàá, kó sì fi irú oúnjẹ tí Lateefat àti ará ilé rẹ̀ ń jẹ bọ́ wọn.

Lateefat ronú sí i. "A jẹ́ pé adìẹ náà ni, Àfáà."

Adìẹ mẹ́rin tó ti pé ọjọ́ mẹ́ta nínú ìtikáfù ni Àfáà bá a pa. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Lateefat kó tálákà mẹ́wàá jọ síwájú ṣọ́ọ̀bù. Aláàárù mẹ́ta wá láti Bódìjà, opó méjì àti mẹ́gàádì kan wá láti àdúgbò. Mẹ́rin tó kù, akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, Jésùlọlá sì wà lára wọn. Kò sẹ́ni tó jiyàn pé tálákà ni wọ́n. Kí wọ́n tó jẹun, ó dúró síwájú wọn, ó ní kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń jẹ àti ìdí rẹ̀. Ó ní ìdin àti sóyà ni adìẹ náà jẹ. Ó ní òun fi Ọlọ́run búra pé òun kò ní jẹ ẹ́, òun sì jẹ ẹ́, ìtánràn òun nìyí, kí wọ́n bá òun tọrọ àforíjì.

Ẹnu mẹ́wàá lọ́jọ́ Jímọ̀, ṣé ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́? Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti dé Òjóò, ó ti dé Bódìjà. Kò sẹ́ni tó rántí ọ̀rọ̀ ìdin mọ́. Ohun tí oníkálukú ń béèrè ni pé, irú adìẹ wo ló dùn tó bẹ́ẹ̀, tó fi mú Ìyá Islamiyat yẹ ìbúra tó fi Ọlọ́run ṣe?

Láàárọ̀ Sátidé, Àkànmú dé láti Challenge pẹ̀lú káfíńtà tó fẹ́ ra pákó. Ó bá èrò rẹpẹtẹ níwájú ilé rẹ̀, àyà rẹ̀ sì já; ó rò pé ẹ̀rọ ti gé ẹnì kan lọ́wọ́ ni. Ìyá Olúkẹ́mi ló wà níwájú gbogbo wọn, ó gbá adìẹ méjì mọ́ra. "Bàbá, ẹ máa bọ̀," ó ní. "Ìyàwó yín ti jẹ ẹ́ o!"

Alájàpá Ìwó Road gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lófìfo padà. Àkànmú kò tilẹ̀ rí i. Ó la àárín èrò kọjá lọ sídìí ẹ̀rọ ata. Lateefat rí i tó ń bọ̀, ó sì pa ẹ̀rọ náà.

"Kí ni ẹnu rẹ wí?" ó bi í.

"Ó dùn."

Gbogbo ẹni tó mọ Àkànmú ń retí ogún ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé e: ó dùn báwo, níwájú ahọ́n ni àbí lẹ́yìn. Kò bi í ní ẹyọ kan. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí, ó sì fi fìlà bo ojú rẹ̀. Káfíńtà náà dúró tì í títí ó fi sú u, ó bá gba ilé rẹ̀ lọ.

Ọdún mẹ́ta tó tẹ̀lé e, wọ́n ń wá láti Ring Road àti Òkè Àdó wá ra adìẹ ní Agbowó. Ó kọ́ ẹnikẹ́ni tó bá bi í bí wọ́n ṣe ń pò ó, kò fi ìdí ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ẹnì kan. Olóyè Gbádérọ̀ náà ránṣẹ́ wá ra mẹ́fà, ó sì ní kí wọ́n bá òun sọ fún Ṣàn-án-wò pé kó má wulẹ̀ bá adìẹ náà wá.

Lọ́dún 1998 ni àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní ọsibítù, ó kù díẹ̀ kí wọ́n lé àwọn àlejò jáde, Lateefat fa àga súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá Islamiyat, ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò sọ fún yín. Lọ́jọ́ tí mo jẹ adìẹ yẹn, mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ fún ọkùnrin òtẹ́ẹ̀lì. Kì í ṣe pé adìẹ ń wù mí jẹ. Nítorí yín ni mo ṣe jẹ ẹ́."

Ìwájú orí Àkànmú hunjọ bó ṣe máa ń hunjọ tó bá ń ronú lórí oúnjẹ adìẹ. "Lateefat," ó wí pẹ̀lú ohùn tó ti tín-ín-rín, "o ti ba ìdánwò mi jẹ́. Ẹ̀rí ẹni tó fẹ́ràn mi kò tọ̀nà."

"Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi," ni Lateefat wí, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Itan nìkan ni mo jẹ nítorí yín. Apá àti ọrùn, nítorí adìẹ ni."

Ẹ̀rín tí Àkànmú rín lọ́jọ́ náà mú kí nọ́ọ̀sì sáré wọlé wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí àlejò máa lọ, ó ṣì ń rín in. Ó kú ní ọjọ́ kejì, wọ́n sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Àwọn tó wá kí Lateefat ń sọ ti Bódìjà, wọ́n ń sọ ti sùtánà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu ojú, òun náà sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó sunkún, nítorí ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ gan-an, kò sì sí ẹni tó máa bi í mọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ wí.